Ìbéèrè Yín: "Mo Ti Fa Jeremáyà 29:11 Ya Kúrò Lára Dígí Mi"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà wọ́n tán mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń sọ, kálukú kàn ń gba ọ̀nà tiẹ̀ débẹ̀ ni: Ọlọ́run tí wọ́n ní Ó ní ètò fún ayé mi, ètò ọ̀hún dà? Mẹ́rin ni mo mú. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, ẹ fara dà á fún mi, torí ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni lẹ́tà yẹn ò fi jẹ́ kí n sinmi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Láti kékeré ni mo ti gbà pé iṣẹ́ dókítà ni Ọlọ́run fẹ́ kí n ṣe, mo ti gbàdúrà sí i, mo ti gbààwẹ̀ sí i, pásítọ̀ wa náà ní òun rí mi nínú ìran pẹ̀lú aṣọ funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣe ìdánwò àtiwọlé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọn ò mú mi, tọ̀tẹ̀ yìí máàkì mẹ́ta péré ni ò jẹ́ kí n wọlé. Mi ò gba iṣẹ́ kankan ní gbogbo ọdún yìí torí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mi ò nígbàgbọ́, mo kàn ń dúró ni, àfi bàbá àgbà kan ládùúgbò wa tí mo máa ń lọ bá wẹ egbò ẹsẹ̀ ẹ̀ torí kò lẹ́nìkan. Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti di dókítà, àwọn míì nínú wọn ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lẹ Jeremáyà 29:11, ẹsẹ tí Ọlọ́run ti ní Òun mọ èrò tí Òun ń rò sí wa, èrò àlàáfíà, mọ́ dígí mi, òun ni mo máa ń kà láràárọ̀ tí mo bá ń fọ eyín. Alẹ́ ọjọ́ tí èsì jáde, mo fà á ya. Kò ya tán, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ti lẹ̀ pinpin, ibi tó ṣẹ́ kù lára dígí ni "ni Olúwa wí," mo dẹ̀ fi èékánná họ ọ́ títí, kò kúrò. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé mo ti dẹ́ṣẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ní ètò fún mi lóòótọ́ àbí èmi ni mo ń tan ara mi?

Èsì: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kúrò nílẹ̀: bébà lo fà ya, o ò fa Ọlọ́run ya. Dáfídì bi Ọlọ́run nínú Sáàmù 13 pé Ó máa gbàgbé òun pẹ́ tó, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní "pẹ́ tó" nínú ẹsẹ méjì péré, iye ìgbà tí ìwọ náà ṣe ìdánwò yẹn, wọ́n dẹ̀ fi í sínú Bíbélì, wọn ò yọ ọ́ dànù. Ẹni tí ò gbà pé Ọlọ́run wà kì í bínú sí I. Inú tó bí ẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àdúrà ni, bó ò bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n sí àdúrà.

Ọ̀rọ̀ tó kọ̀ tí ò kúrò lára dígí yẹn ni mo fẹ́ ká dì mú. Ni Olúwa wí. Ó dáa, ta ló ń bá wí? Ibo làwọn yẹn wà? Kí ni nǹkan yòókù tó wí? Torí a ti yọ ẹsẹ kan yẹn kúrò láàárín lẹ́tà, a wá ń pín in kiri bíi káàdì ọjọ́ ìbí. Lẹ́tà ni orí 29 yẹn o, Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, àwọn èèyàn tí ilé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí tẹ́ńpìlì ti jìnnà sí wọn, tí wọ́n ń jí láràárọ̀ sáàárín èdè tí ò yé wọn. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn wọn, ọjọ́ wo la máa padà sílé.

Wòlíì kan dẹ̀ wà tó ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Hananáyà lorúkọ ẹ̀, orí 28 ló wà. Ó ní láàárín ọdún méjì gbogbo ẹ̀ máa parí, ó tiẹ̀ bọ́ àjàgà igi tó wà lọ́rùn Jeremáyà, ó ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo èèyàn. Ó wù mí kó o mọ̀ pé Jeremáyà alára ṣe àmín sí i, ó ní kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe pé ìyà wọn ń dùn mọ́ ọn nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fún un yàtọ̀. Ọdún méjì kọ́, 70 ọdún ni. Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yín àti aṣọ funfun yẹn, mi ò ní irọ́ ló pa, ó lè jẹ́ ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, àmọ́ má fi ìran ẹlòmíì ṣe ìpìlẹ̀ ilé ẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá wù wá ni etí wa máa ń tètè gbọ́, ohun tí Ọlọ́run sọ lè máà jẹ́ ìyẹn.

Wá ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogójì ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn fún wọn, ìgbà tí 70 ọdún bá fi pé, ṣé ó ṣì wà? Àwọn àgbà tí wọ́n kọ ọ́ sí gan-an gan-an, Bábílónì ni wọ́n máa kú sí, wọn ò ní fojú rí Jerúsálẹ́mù mọ́. Àwọn náà dẹ̀ ni Ọlọ́run ń wí fún pé Òun mọ èrò tí Òun ń rò sí wọn, èrò àlàáfíà. Ibí yìí ló ti kọ́kọ́ yé mi, ó ti tó ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kà á lọ mo dẹ̀ dúró láàárín: tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìpadàsílé nìkan ni ètò yẹn, a jẹ́ pé Ó ń purọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn, Ọlọ́run dẹ̀ kì í purọ́. Nítorí náà, ètò yẹn ti ní láti wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn ní Bábílónì, lọ́jọ́ náà gan-an, nínú ilé tí kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́.

Ìdí nìyẹn tí Ó fi sọ ohun tó wà lókè fún wọn, ẹsẹ 5 dé 7, tá a kì í lẹ̀ mọ́ dígí. Ẹ kọ́lé, kẹ́ ẹ máa gbé inú ẹ̀. Ẹ gbin ọgbà, kẹ́ ẹ jẹ èso ẹ̀. Ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ. Ẹ máa wá àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ, ẹ máa gbàdúrà fún un. Àbúrò mi, ẹni tó bá ń retí pé ọ̀la lòun ń lọ kì í gbin igi eléso. Ẹni tó gbin ín ti gbà pé ibi tóun wà yìí, Ọlọ́run wà níbẹ̀.

Ìwọ wá wò ó, o ní o ò gba iṣẹ́ kankan ní gbogbo ọdún yìí kó má bàa dà bíi pé o ò nígbàgbọ́. Gbólóhùn yẹn ló dùn mí jù nínú lẹ́tà ẹ, ó dùn mí ju máàkì mẹ́ta yẹn lọ. Ta ló kọ́ ẹ pé ìgbàgbọ́ ni kéèyàn jókòó sórí àpótí ẹrù tó ti dì kalẹ̀? Jósẹ́fù jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí wọ́n tà á, ó pé 30 kó tó dúró níwájú Fáráò, ọdún mẹ́tàlá nìyẹn, kò lo ìkankan nínú ẹ̀ láti máa wo ojú ọ̀run. Ilé Pọ́tífárì tó dé, ó ṣiṣẹ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó dé, ó ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ bẹ agbọ́tí Fáráò pé kó bá òun dárúkọ òun lọ́hùn-ún, ó wá ọ̀nà àbáyọ bí gbogbo èèyàn ṣe ń wá a, agbọ́tí yẹn gbàgbé ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, Ọlọ́run ò dẹ̀ bá Jósẹ́fù wí pé kí ló dé tó bẹ èèyàn.

Gbólóhùn kan wà tó o sáré kọjá, ti bàbá tó ò ń wẹ egbò ẹsẹ̀ fún. O kọ ọ́ bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bándéèjì, òórùn egbò, bàbá tó ń fún eyín pọ̀ torí ó ń ta á, àti ìwọ lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò ní kó o lọ di nọ́ọ̀sì o, mi ò dẹ̀ ní kó o má ṣe ìdánwò mọ́, mi ò mọ ohun tó wà níwájú. Mo kàn mọ̀ pé o ti ń gbin nǹkan kan ní Bábílónì láìmọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti máa wo Ọlọ́run, má wo ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Wá iṣẹ́ ṣe. Tó o bá ṣì fẹ́ ṣe ìdánwò ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ẹ, kó bá ẹ wo ibi tí máàkì ti ń bọ́, máàkì mẹ́ta ò tíì di òkè. Tó o bá dẹ̀ rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, tó o fẹ́ yà sọ́nà míì, yà, kò sẹ́ni tó máa lé ẹ jáde nínú ètò Ọlọ́run torí ẹ̀. Ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ tí ò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ka Sáàmù 73, Ásáfù tó kọ ọ́ ti bá ẹ sọ gbogbo ẹ̀ tán.

Dígí yẹn, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má họ ọ́ mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Tí mo bá gbọ́kàn lé Ọlọ́run, ṣé ó yẹ kí n tún máa fowó pamọ́, kí n máa lọ rí dókítà, kí n máa kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe ní ọdún márùn-ún sílẹ̀?

Èsì: Ó yẹ o. Jésù fúnra ẹ̀ ló béèrè nínú Lúùkù 14 pé ta ló máa fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí ò ní kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tó máa ná òun. Ọlọ́run ló sọ fún Fáráò nínú àlá pé ìyàn ọdún méje ń bọ̀, Jósẹ́fù tó túmọ̀ àlá yẹn náà ló ní kí wọ́n kó ọkà pamọ́. Ohun tí Jákọ́bù bá wọn wí lé lórí ní orí 4 ìwé ẹ̀ nínú Májẹ̀mú Tuntun kọ́ ni pé wọ́n ṣètò, ó bá wọn wí torí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ bíi pé àwọn ni wọ́n ni ín, ó ní "bí Olúwa bá fẹ́" ló yẹ kí wọ́n máa fi sí i. Torí náà kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ́ńsùlù ni kó o fi kọ ọ́ ṣá.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún mi, kí n dúró sídìí iṣẹ́ tí mò ń ṣe tàbí kí n lọ bá àwọn kan bẹ̀rẹ̀ tuntun níbòmíì. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní àmì. Mi ò rí àlá, mi ò gbọ́ ohùn. Àwọn méjèèjì ti fẹ́ gbọ́ èsì báyìí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ètò Ọlọ́run nìyí, pé kì í ṣe ìfẹ́ inú ara ẹni?

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrònú. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, torí Pọ́ọ̀lù náà wà níbi tẹ́ ẹ wà yìí, a kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ wàásù ní Éṣíà, Ẹ̀mí Mímọ́ dá a dúró. Ó gbìyànjú Bítíníà, Ẹ̀mí ò jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Kò sí ibì kan tí Lúùkù ti sọ fún wa bí Ẹ̀mí ṣe dá wọn dúró, ó lè jẹ́ ohùn, ó lè jẹ́ nǹkan míì. Ohun tó hàn gbangba ni pé Pọ́ọ̀lù ń rìn. Kò jókòó sílé oṣù mẹ́jọ kó máa retí orúkọ ìlú. Ẹsẹ̀ ló fi ń béèrè, ibi tí wọ́n bá ti tì í, ó gbà, ó yà, títí tó fi dé Tíróásì létí òkun, ibẹ̀ ló ti rí ìran òru, ọkùnrin ará Makedóníà tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ran àwọn lọ́wọ́.

Ìgbà tí ìran yẹn tiẹ̀ dé, ẹ wo ẹsẹ 10, ó ní "a" gbà pé Ọlọ́run ló pè wá, kò ní Pọ́ọ̀lù nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mélòó kan jọ rò ó pọ̀ ni. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ ti bá sọ ọ́? Ẹ ò dárúkọ ìyàwó yín nínú lẹ́tà, ẹ ò dárúkọ ọ̀rẹ́ kankan. Ẹ wá èèyàn méjì tó bẹ̀rù Ọlọ́run tí wọn ò ní jèrè nínú ìpinnu yín, kẹ́ ẹ tú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ níwájú wọn, títí kan owó, títí kan èyí tó ń tì yín lójú.

Nǹkan kejì, wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọ̀nà tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run, ọkàn èèyàn máa balẹ̀, gbogbo ẹ̀ á máa lọ geere. Pọ́ọ̀lù dé ìlú Fílípì ní Makedóníà, kò tiẹ̀ rí ọkùnrin inú ìran yẹn, àwọn obìnrin tó ń gbàdúrà létí odò ló bá, Lídíà wà lára wọn, nígbà tó yá wọ́n nà án ní ọ̀pá, wọ́n kan ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ àbà igi nínú ẹ̀wọ̀n. Ọ̀nà Ọlọ́run ṣì ni. Nítorí náà tí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì, tẹ́ ẹ ti gbàdúrà, tẹ́ ẹ ti gba ìmọ̀ràn, ẹ mú ọ̀kan. Òwe 16:9 ní ọkàn èèyàn ló ń gbìmọ̀ ọ̀nà ẹ̀, Olúwa ló ń tọ́ ìṣísẹ̀ ẹ̀, ẹni tí ò dẹ̀ gbé ẹsẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ tọ́ níbẹ̀? Ọlọ́run ò fi ìfẹ́ ẹ̀ pa àlọ́ àpamọ̀ fún wa pé tá ò bá mọ̀ ọ́n, Ó ti ta wá nù nìyẹn. Bàbá ni. Ẹ dá wọn lóhùn lọ́sẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi kú ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé ètò Ọlọ́run ni, kí n dúpẹ́, Ọlọ́run mọ ìdí. Mo fẹ́ràn Ọlọ́run, mi ò fi Í sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kígbe. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹ̀ mọ́ nínú ilé, wọ́n ní kí ọgbẹ́ náà lè jinná. Ṣé àìnígbàgbọ́ ló ń ṣe mí?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Mo kọ èsì yìí, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.

Rárá, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ní Bẹ́tánì, Jòhánù orí 11, Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì nígbà tí Jésù dé. Jésù mọ ohun tí Òun fẹ́ ṣe, Ó ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́nà, Ó mọ̀ pé láìpẹ́ ọkùnrin yẹn máa jáde tòun taṣọ òkú lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà láyé yìí tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún Màríà pé kó má sunkún, ètò wà ńlẹ̀, Òun ni. Kò sọ ọ́. Ó béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, Ó dẹ̀ sunkún.

Wọ́n á tún máa fi ọ̀rọ̀ Jósẹ́fù bá yín sọ ọ́, pé ibi lẹ rò sí mi, Ọlọ́run rò ó sí rere, Jẹ́nẹ́sísì 50:20. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ta ló ti jáde? Ẹnu Jósẹ́fù ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tó ti sunkún débi tí ará ilé Fáráò gbọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ́ ló dúró lẹ́nu kòtò tí wọ́n ń sọ ọ́ sísàlẹ̀ fún un. Róòmù 8:28 náà, ó ní ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere, kò ní ohun gbogbo dára. Bíbélì pe ikú ní ọ̀tá, 1 Kọ́ríńtì 15:26, kò sẹ́ni tó yẹ kó ní kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tá.

Mo rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kádàrá làwọn èèyàn wa ní lọ́kàn tí wọ́n bá ń sọ ètò Ọlọ́run. Kádàrá ò lójú, kò létí, wọ́n á ní ó ti rí bẹ́ẹ̀, ó parí. Ẹni tá à ń sìn létí. Ọmọ tiẹ̀ náà kú, Ó dẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ àdúrà mi sí, mo máa ń fi bíró pupa fa ìlà sábẹ́ èyí tí Ọlọ́run bá ti dáhùn. Ojú ewé mọ́kànlá tẹ̀léra ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àbúrò mi ọkùnrin nìkan ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún, pé kí ara ẹ̀ yá. Kò yá. Kò sí ìlà pupa kankan lójú ewé mọ́kànlá yẹn, mi ò dẹ̀ mọ ìdí títí di òní, mo ti jáwọ́ nínú kí n máa wá ìdí fún un. Mo ṣì ń kọ̀wé sínú ìwé yẹn.

Tí wọ́n bá tún wá kí yín tí wọ́n sọ ọ́, ẹ ní "ẹ ṣeun, ẹ bá mi jókòó." Ẹ ò jẹ wọ́n ní àlàyé. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì tí orin ọpẹ́ ò jáde lẹ́nu yín, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kọ ọ́ fún yín. Ti orúkọ tí wọn ò dá mọ́ nínú ilé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá a, nídìí oúnjẹ, ní ohùn jẹ́jẹ́, kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé àwọn náà láǹfààní láti pè é. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Kò ní wọ inú ìwé ìròyìn yìí o, èmi ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí n lè máa pè é tí mo bá ń gbàdúrà fún yín.